Àkọsílẹ̀ Ojú Ọjọ́ Àtijọ́: Ìbéèrè Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ojú Ọjọ́ Máa Ń Béèrè Jù, Pẹ̀lú Ìdáhùn Wọn

Kí là ń pè ní àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àtijọ́?

Ohun tí ẹnì kan wọ̀n lójoojúmọ́ ní ibùdó ojú ọjọ́, tó sì kọ sílẹ̀: bí òjò ṣe pọ̀ tó, bí ooru ṣe mú tó lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ ṣe tutù tó ní ìdájí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, wákàtí mélòó ni oòrùn fi ràn. Inú ìwé ńlá, lára káàdì àti lórí bébà gírááfù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

"Àtijọ́" níbí kò ní ààlà. Ìwé ọdún 1912 jẹ́ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1994 bí kò bá tíì wọ inú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí dátà ọdún 2001 nínú dísíkì pẹlẹbẹ tí kò sí ẹ̀rọ kankan mọ́ ní gbogbo ilé iṣẹ́ náà tó lè kà á. Òun náà ti di ohun tí a ní láti gbà là.

Ọjọ́ ọ̀la ló ń bà wá lẹ́rù. Kí la fẹ́ fi òjò ọdún 1950 ṣe?

Ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá tàbí gọ́tà gbọ́dọ̀ mọ òjò tó pọ̀ jù lọ tó ti rọ̀ rí ní àdúgbò náà. Ẹ wo Ìbàdàn. Omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òmíràn tó le gan-an tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tó sì parí ní 2010, ọdún 26 gbáko ló ní lọ́wọ́, síbẹ̀ kò rí ìkankan nínú méjèèjì. Gọ́tà tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣírò, omi yóò bò ó.

Ti Sahel, ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, tún ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ dáadáa níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ọ̀dá ti dé, kò sì fibẹ̀ sílẹ̀ títí wọ àwọn ọdún 1980. Ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ sí àwọn ọdún 1950 yóò rò pé ọ̀pọ̀ òjò ni ìṣe ilẹ̀ náà. Ẹni tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1972 yóò rò pé ọ̀dá ni. Ìdí nìyí tí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, fi ń fi ọdún 30 ṣe òṣùwọ̀n. Ti 1991 sí 2020 ló wà lóde báyìí, wọ́n sì ní kí a má fi ti 1961 sí 1990 sílẹ̀, kí a lè máa fi í díwọ̀n bí ayé ṣe ń gbóná sí i.

Àwọn àgbẹ̀ náà ń béèrè bóyá àkọ́rọ̀ òjò ti ń pẹ́ ju ti ayé bàbá wọn lọ, bóyá ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ ti ń gùn sí i, bóyá àrọ̀kúrò ti ń tètè parí. Àròpọ̀ oṣù kò lè dáhùn èyí. Ti ojoojúmọ́ ló lè dá a lóhùn, ti ojoojúmọ́ yìí gan-an ló sì kù sínú ìwé.

Ta ló kọ àwọn ìwé yìí, ibo ni wọ́n sì wà?

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2003 ló dá NiMet, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀, òun ló sì jogún ìwé àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kan náà ló ń bójú tó Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia. Nítorí náà, bí ìwé ọdún kan bá sọnù ní Nàìjíríà, ẹ má tíì sọ̀rètí nù: ẹ wádìí ní ibi ìpamọ́ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti Bìrìtìkó, ẹ sì wo àwọn ìròyìn ọdọọdún tí ìjọba amúnisìn tẹ̀ jáde.

Ní Benin àti Togo, ọ̀nà Faransé ló gbà. ASECNA, àjọ ààbò ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, ló ń wọn ojú ọjọ́ ní àwọn pápákọ̀ òfurufú. ORSTOM, iléeṣẹ́ ìwádìí ti Faransé, tẹ òjò ojoojúmọ́ Dahomey (orúkọ àtijọ́ Benin) àti Togo jáde nínú ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan títí di 1965. Ibùdó ńlá mẹ́fà tí wọ́n mọ Benin mọ́ ni Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ̀ẹ́, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òjò Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí nílò ìwé Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí ìjì kan náà ló ń gba orí wọn kọjá. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ti ìhà ìhín, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ti ìhà ọ̀hún, ó sì ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì jọ wà lórí tábìlì kan.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í ṣe iléeṣẹ́ ojú ọjọ́: iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ bíi IITA àti Moor Plantation ní Ìbàdàn, àwọn oko ìwádìí, yunifásítì, iléeṣẹ́ omi, ọ́fíìsì rélùwéè, àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì míṣọ̀n tí fadá kan ti ń wọn òjò fún ogún ọdún láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń jẹ àwọn ìwé náà run?

Ikán, eku, omi òrùlé, àti inki tó ń ṣá. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti fojú rí, ìkólọ-kólọ bà wọ́n jẹ́ ju ikán lọ. Ní iléeṣẹ́ kan tí mo dé, wọ́n fẹ́ kun yàrá ìwé ní ọ̀dà, wọ́n wá kó páálí méjìlélógún sí abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a ṣí àwọn páálí náà, ojú ewé ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí fùkùfúkù, kò sí èyí tó ṣe é ṣí. Àkọsílẹ̀ ibùdó mẹ́ta ló bá a lọ. Ó ń dùn mí títí di òní.

WMO ti mọ ewu yìí tipẹ́. Lápá ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù náwó sí iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ya ìwé ojú ọjọ́ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sórí fíìmù kéékèèké. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ fíìmù náà ń gbó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á sì ń di àwátì, nítorí náà iṣẹ́ tún wà láti gbé ohun tó wà lórí fíìmù bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ohun kan wà tí ikán kò lè jẹ, tó sì ń lọ kíá: ìmọ̀ àwọn tó fẹ̀yìn tì. Bàbá tó mọ ìdí tí wọ́n fi gbé tẹmómítà kúrò lẹ́yìn ilé ìkówèésí ní 1978 lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lọ kí wọn nílé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ wo ni iṣẹ́ gbígba àwọn ìwé yìí là ń gbà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní: ẹ ka àwọn ìwé, ẹ kọ orúkọ ibùdó, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ọdún tó parí, àti ipò tí ìwé náà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. Ìgbà tí fọ́tò bá parí ni kí ẹ tó máa tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì pín in.

Mo ń tẹnu mọ́ fọ́tò nítorí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń fò ó. Wọ́n á gbé ìwé kalẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ ní tààrà, owó á tán lórí ibùdó kẹta, ikán á sì jẹ èyí tó kù. Ọdún kan ni iṣẹ́ títẹ̀ lè gbà. Òṣìṣẹ́ méjì lè ya ìwé náà tán láàárín oṣù kan.

Kámẹ́rà tó dúró lórí irin, tó dojú kọlẹ̀, sàn ju ẹ̀rọ sikáànì lọ fún ìwé ńlá, torí sikáànì á ní kí a tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ya. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, ẹ jẹ́ kí gbogbo etí ojú ewé hàn, kí ẹ sì fún fọ́tò lórúkọ tó ní nọ́ńbà ibùdó, ọdún àti oṣù. Fọ́tò tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "IMG_0047" ti sọnù bí ìwé tí ikán jẹ ni. Ẹ pa ẹ̀dà mẹ́ta mọ́, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. Ẹ má sì ju ìwé náà nù lẹ́yìn fọ́tò.

Kí ni wọ́n ń kọ́ni ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí iṣẹ́ yìí, ọjọ́ mélòó ló sì máa ń gbà?

Ọ̀sẹ̀ kan ló wọ́pọ̀. Irú èyí tó ti so èso jù ni ti ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní ETCCDI: orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò máa pàdé, kálukú á mú dátà ojoojúmọ́ tirẹ̀ wá, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò fún àṣìṣe, wọ́n á ṣírò bí ooru àti òjò tó le gan-an ṣe ń yí padà, wọ́n á sì jọ kọ èsì jáde.

Ní 2004, irú rẹ̀ wáyé ní Cape Town. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006, ó sì kó dátà 1961 sí 2000 láti orílẹ̀-èdè 14 ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jọ, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní 2007 ó kan Brazzaville, fún àárín gbùngbùn Áfíríkà, Guinea àti Zimbabwe. Ìyẹn jáde ní 2009, ó gba láti 1955 dé 2006. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá rí orúkọ ara rẹ̀ lórí irú iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ tó fi ń mú ìwé àkọsílẹ̀ á yàtọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni fún ìgbà pípẹ́ náà wà nítòsí wa: ilé ẹ̀kọ́ WMO tí NiMet ń darí ní Òṣòdì, àwọn ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ AGRHYMET àti ACMAD ní Niamey, Niger, àti ètò ọ̀mọ̀wé ti WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́.

Ṣé dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú dátà ìlú rẹ̀ wá?

Dandan ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi dátà ìlú òyìnbó kọ́ni, tí kò ní àlàfo, tí kò ní àṣìṣe, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni náà á gba ìwé ẹ̀rí, á ya fọ́tò, á padà sílé, á ṣí ìwé ibùdó tirẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pè wá láti wá kọ́ni, ohun tí a kọ́kọ́ máa béèrè lọ́wọ́ yín nìyí: ibùdó mélòó, ọdún mélòó, ta ló máa gbé e wá?

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òdo àti àyè tó ṣófo?

Òdo túmọ̀ sí pé ẹnì kan jáde láàárọ̀, ó wo inú ohun tí a fi ń wọn òjò, kò bá omi kankan. Àyè tó ṣófo túmọ̀ sí pé a kò mọ̀. Bí a bá fi òdo dí gbogbo àyè tó ṣófo, a ti dá ọ̀dá sílẹ̀ níbi tí ọ̀dá kò sí. Oṣù Keje tí òṣìṣẹ́ fi ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́wàá á wá di oṣù tí òjò wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, -99.9 ni a ń tẹ̀ fún ohun tí a kò mọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ kì í kọ òdo rárá. Bí òjò kò bá rọ̀, wọ́n á fi àyè náà sílẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òdo? Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé: bí wọ́n bá kọ àròpọ̀ oṣù síbẹ̀, tí àròpọ̀ náà sì bá èyí tí ẹ rò mu, ó ṣeé ṣe kí àwọn àyè òfìfo jẹ́ òdo. Ẹ wo òpó ooru ọjọ́ yẹn kan náà: bí wọ́n bá kọ ooru, a jẹ́ pé ẹnì kan wá síbi iṣẹ́. Ẹ wo ibùdó tó sún mọ́ ọn. Bí gbogbo ẹ̀rí bá kùnà, -99.9 ni kí ẹ kọ.

Mo rántí ojú ewé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan gbé wá. Òjò ńláńlá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kò sí nǹkan kan ní ọjọ́ Àìkú, oṣù lẹ́yìn oṣù. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn kí ó tó yé wa: ẹni tó ń wọn òjò kì í wá ní ọjọ́ Àìkú, òjò ọjọ́ méjì ló ń rọ́ sínú ìwé ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá tẹ ìwé yẹn bó ṣe wà, ẹ ó rí òjò líle tí kò rọ̀ rí. Ẹ kọ -99.9 sí ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣàmì sí ti ọjọ́ Ajé pé àròpọ̀ ọjọ́ méjì ni.

Òjò winniwinni tí kò ṣeé wọ̀n náà ní àmì tirẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń kọ "tr". Kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe òfìfo. Ẹ fi àmì rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ nọ́ńbà tí wọ́n ṣì kọ?

Àwọn kan máa ń hàn fúnra wọn: òjò tó kéré sí òdo, ọjọ́ 31 oṣù Kẹsàn-án, ooru ìdájí tó ju ooru ọ̀sán ọjọ́ náà lọ. Kọ̀ǹpútà á mú wọn. Àwọn yòókù ló gba ojú èèyàn. 1 àti 7 máa ń jọra, pàápàá bí ẹni tó kọ ọ́ bá kọ́ ọwọ́ Faransé, tó ń fi ìlà dábùú 7. Àmì kékeré tó wà láàárín 25 àti 4 lè ṣá, 25.4 á wá di 254.

Ní ìhà wa, ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n. Íńṣì àti Fahrenheit ni wọ́n fi ń wọ̀n láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìyípadà sí mìlímítà àti Celsius sì dé ní àwọn ọdún 1970. Íńṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Bí ẹ bá tẹ 1.35 íńṣì sínú òpó mìlímítà, òjò ńlá tó jẹ́ 34.3 ti di ìrì nìyẹn. Ẹ wo orí òpó lójú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ibùdó kò yí padà lọ́jọ́ kan náà.

Ọjọ́ náà máa ń yẹ̀. Òjò tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló rọ̀ jù. Ibùdó kan á kọ ọ́ sí ọjọ́ kẹrin, òmíràn á kọ ọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Méjèèjì tọ̀nà, bí wọ́n bá sọ èyí tí wọ́n ń lò.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ṣe yín ní kàyéfì, ẹ padà sí fọ́tò. Bí fọ́tò bá sọ ohun tí ẹ tẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ nítorí pé ó pọ̀ jù. Omíyalé kì í jọ ọjọ́ mìíràn. Ẹ fi àmì iyèméjì sí i, kí ẹ sì pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ mọ́.

Wọ́n ti gbé ibùdó wa kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé àkọsílẹ̀ náà ṣì wúlò?

Ó wúlò, bí ìgbà tí wọ́n gbé e àti ibi tí wọ́n gbé e lọ bá wà nínú ìwé. Tẹmómítà tó wà láàárín ìlú, tí wọ́n wá gbé lọ sí pápákọ̀ òfurufú, lè fi hàn pé ìlú tutù lójijì. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ibùdó kò kúrò lójú kan, ilé àti ọ̀dà títì ló wá yí i ká. Bí wọ́n bá pààrọ̀ tẹmómítà, tàbí tí wọ́n kun àpótí funfun tí tẹmómítà ń gbé inú rẹ̀, tó ń fi ihò ẹ̀gbẹ́ mí, ìyẹn náà á fara hàn nínú nọ́ńbà.

Àwọn ọ̀nà ìṣirò wà tó ń wá ibi tí àkọsílẹ̀ ti fò, bíi RHtests. Wọ́n ń fi ibùdó kan wé aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibùdó bá jìnnà síra, bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, ìṣirò nìkan lè tan ni jẹ. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má ṣe àtúnṣe kankan sí fífò tí ìwé tàbí ẹ̀rí ẹnì kan kò tì lẹ́yìn. Ẹ tọ́ka sí i, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì máa pín àkọsílẹ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kàn pẹ̀lú èyí tí ẹ tún ṣe.

Sọ́fítíwíà wo ni ká lò?

Climsoft dára fún títẹ̀ àti ìpamọ́. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn onímọ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì lè mú kí èèyàn méjì tẹ ojú ewé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó wá fi ibi tí wọn kò ti bára mu hàn. Fún ìṣirò, RClimDex, tí Xuebin Zhang àti Feng Yang kọ ní Kánádà, máa ń ṣírò òṣùwọ̀n 27 láti inú òjò àti ooru ojoojúmọ́. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Excel kò burú fún ojú ewé díẹ̀, àmọ́ ó máa ń yí ọjọ́ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì fa òpó kan nínú rẹ̀ lè da ogún ọdún rú. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ẹ máa pa ẹ̀dà kan mọ́ ní fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ̀ǹpútà yòówù lè ṣí. CLICOM tí WMO pín káàkiri ní àwọn ọdún 1980 ṣe gudugudu méje nígbà tirẹ̀. Ìgbà tó kógbá sílé, dátà àwọn tí kò gbé tiwọn jáde kú sínú rẹ̀.

Ṣé sátẹ́láìtì kò lè rọ́pò gbogbo wàhálà yìí?

Kò lè ṣe é. CHIRPS, ọ̀kan lára àwọn dátà òjò tí a ń rí láti ojú sátẹ́láìtì, 1981 ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò mọ ọ̀dá tó ṣáájú rẹ̀, kò sì mọ omíyalé 1980. Sátẹ́láìtì kì í sì í wọn òjò ní tààrà. Ojú kùrukùru ló ń wò, ó wá ń fojú bù ú. Ohun tí wọ́n fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe ni òjò tí èèyàn wọ̀n nílẹ̀.

Àwọn méjèèjì lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ní Rwanda, ìpakúpa ọdún 1994 ba ọ̀pọ̀ ibùdó jẹ́, àkọsílẹ̀ sì wọ́n fún ọdún bíi 15 lẹ́yìn rẹ̀. Ètò ENACTS ti Yunifásítì Columbia kọ́ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi sátẹ́láìtì dí àlàfo náà, tí wọ́n á fi ìwé àwọn ibùdó tó kù gbé e ró. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́ náà, ọwọ́ wọn ni dátà wà. Ibi tó wù mí jù nínú ètò náà nìyẹn.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé náà fún wa?

Ó ń gbìyànjú sí i lọ́dọọdún, àmọ́ ìwé tí omi ti kàn, tí inki rẹ̀ ti ṣá, ṣì ń da á láàmú, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ yẹ èsì rẹ̀ wò. Ọ̀nà tó ti yọrí sí rere ni ti àwọn olùyọ̀ǹda. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà há gbogbo ènìyàn mọ́lé, Ed Hawkins, onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Yunifásítì Reading, gbé fọ́tò ìwé òjò bíi 66,000 síta ní Bìrìtìkó. Olùyọ̀ǹda bíi 16,000 tẹ nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún láàárín ọjọ́ 16. Wọ́n ti ya ìwé náà ní fọ́tò ṣáájú. Bí ẹ̀yin náà bá ní fọ́tò nílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga yín lè ṣe irú rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn iléeṣẹ́ kan kì í fẹ́ pín dátà wọn?

Owó ni àkọ́kọ́. Níbi tí ìjọba kì í ti fún iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ lówó tó, títa dátà ló fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rù tún wà pé òkèèrè á kó o lọ, wọ́n á fi kọ ìwé ńlá, kò sì sí ẹni tó máa dárúkọ òṣìṣẹ́ tó fi ọdún 30 jí ní ìdájí wọn òjò. Ẹ̀rù yìí ní ìpìlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì yẹ kí olùkọ́ kan dúró níwájú àwọn èèyàn kó máa pè é ní ìmọtara-ẹni-nìkan.

Síbẹ̀, iye tí à ń rí nínú títa òjò ọdún 1960 fún akẹ́kọ̀ọ́ kò tó nǹkan, ohun tí à ń pàdánù sì pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ wa tí kò lè sanwó dátà Ọ̀yọ́ á lọ fi dátà Jámánì kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀. Nínú àwòrán ayé tí àwọn onímọ̀ ń yà, ìhà ọ̀dọ̀ wa á sì ṣófo.

Kí ni àdéhùn àgbáyé sọ?

Ìpinnu 40 ti WMO ní 1995 ní kí a máa pín dátà pàtàkì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpinnu 60 ní 2015 mú un dé orí dátà iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìgbà pípẹ́. Ní 2021 wọ́n fi ìlànà kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Ó ya dátà sí ọ̀nà méjì: èyí tó pọn dandan kí a pín lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí ìdíwọ́, àti èyí tí wọ́n gbà wá nímọ̀ràn láti pín, tí orílẹ̀-èdè lè fi àdéhùn sí. Ẹ ka ìlànà náà fúnra yín kí ẹ tó sọ fún ọ̀gá pé "wọ́n ní ká kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀". Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn.

Bí ọ̀gá wa kò bá gbà kí dátà ojoojúmọ́ jáde, ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ó wà. Irú ìpàdé ti ETCCDI máa ń gbé èsì ìṣirò jáde, bíi iye ọjọ́ tí ooru mú jù lọ́dọọdún, dátà ojoojúmọ́ á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. GPCC, ibùdó tó ń kó dátà òjò àgbáyé jọ ní Offenbach, Jámánì, ń gba òjò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú àdéhùn pé òun kò ní fi ti ibùdó kọ̀ọ̀kan hàn. Àwòrán ilẹ̀ tí a ti pa pọ̀ ló ń gbé jáde. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ti pẹ́, kí ẹ fi ti ọdún àìpẹ́ sílẹ̀ ná. Ìtìjú kọ́ ni láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùdó mẹ́ta.

Kí ló fà á tí ohun tí wọ́n kọ́ fi máa ń pòórá lẹ́yìn ọdún kan?

Nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rán lọ. Ó padà dé, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tàbí ó rí iṣẹ́ tó sàn jù, ìmọ̀ náà sì bá a lọ. Ẹ rán méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó ìwé. Kí wọ́n padà sílé pẹ̀lú sọ́fítíwíà tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, pẹ̀lú ibùdó kan tí wọ́n ti parí. Láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù, kó béèrè pé ojú ewé mélòó ni wọ́n ti tẹ̀, kí ló sì dá wọn dúró. Ìpè yẹn kò náni ju káàdì fóònù lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò kò ní i nínú.

Bàbá mi àgbà jẹ́ olùkọ́, ó fi ìwé tó kọ òjò sí sílẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni nílò rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ má fọ ọ́, ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀, títí kan èyí tí kò ní nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tó kọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí níbi tó gbé ohun ìwọ̀n òjò sí gan-an: àgbàlá ilé ni, àbí oko, àbí ilé ìwé? Igi wà lórí rẹ̀ ni? Aago mélòó ló máa ń jáde lọ wò ó? Ta ló ń bá a wò ó bó bá rìnrìn àjò? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sí bébà kan, kí ẹ fi sínú ìwé náà, kí ẹ tó mú ẹ̀dà fọ́tò rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NiMet tàbí yunifásítì tó sún mọ́ yín. Ìwé gan-an, ẹ lè fi í sílẹ̀ nílé yín.